Ìlú ńlá ti wà nílẹ̀ kí òyìnbó tó dé

"Ọpẹ́lọpẹ́ òyìnbó, inú igbó la ò bá ṣì wà." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi ló tún sọ ọ́ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Ìbàdàn ló ń gbé, ojúde ilé wa ní Ìbàdàn náà sì ni wọ́n sin bàbá bàbá rẹ̀ sí. Ó ní abúlé lásán ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀, pé ìgbà tí òyìnbó kó ìjọba, rélùwéè àti ilé iṣẹ́ dé ni àwọn abúlé náà tó di ìlú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ìlà oòrùn ni oòrùn ti ń yọ. Ó dùn mí. Ibi tó jókòó sí sọ ọ̀rọ̀ náà ló sì dùn mí jù.

Nítorí náà, Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ogun. Kò pẹ́ tí ibùdó fi di ìlú. David Hinderer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ CMS rán, dé ibẹ̀ ní 1851. Àwọn òyìnbó tó rí Ìbàdàn lásìkò náà fojú díwọ̀n iye èèyàn tó wà níbẹ̀: àwọn kan ní 60,000, àwọn kan ní ó tó 100,000. Lóòótọ́, ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọn ò ka orí. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré. Ní 1850, ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn èèyàn wọn. Chicago kò pé 30,000. Washington, olú ìlú wọn, jẹ́ nǹkan bí 40,000. Ìbàdàn tó Chicago méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí òyìnbó kankan tó ń ṣe ìjọba níbẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ìjọba òyìnbó dé? 1893 ni àwọn olóyè Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ ìlú. Ńṣe ni rélùwéè bá Ìbàdàn níbẹ̀, ó sì wá síbẹ̀ nítorí pé èrò àti ọjà ti wà níbẹ̀. Ẹ tún wo Èkó, tí wọ́n gbà ní 1861, tí wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó ìjọba wọn. Nígbà tí wọ́n kà á ní 1866, ó lé díẹ̀ ní 25,000. Ní 1911, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún tí àsíá wọn ti ń fẹ́ lórí Èkó, Èkó kò tíì pé 75,000. Ìbàdàn ti jẹ́ 175,000.

Bí mo bá ti ka iye yìí sílẹ̀, ìdáhùn kan ló máa ń tẹ̀lé e: "Ẹ gbà, wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni wọ́n. Abúlé tó fẹ̀ ni." Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ta gbòǹgbò, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan náà sì ti sọ ọ́ rí. Ìlú tó wà lọ́kàn wọn ni ti Yúróòpù, níbi tí àgbẹ̀ ti ń gbé lóko, tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń gbé nílùú. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tiwa, ìlú ló ń gbé, oko ló ń lọ.

Bàbá bàbá mi ní abà kan lọ́nà Àkáńràn. Nígbà ìkórè kòkó, wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ láìwálé. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ń sìn ewúrẹ́ níbẹ̀, àwa ọmọ náà sì máa ń lọ lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n pe abà náà ní ilé. Bí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀, "mò ń lọ oko" ni. Bí wọ́n bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn, "mò ń relé" ni. Ọdún Iléyá, ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ẹjọ́ ẹbí, ìlú ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé. Baálẹ̀ abà náà gan-an, agboolé kan ní Ìbàdàn ló ń jíṣẹ́ fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ abà tó yí Ìbàdàn ká ṣe ń jẹ́ orúkọ ẹni tó jáde láti inú ìlú lọ dá a sílẹ̀. Ìlú ló bí abúlé. Àwọn tó ń sọ pé inú abúlé la wà títí òyìnbó fi sọ wá di ará ìlú ti gbé ọmọ jókòó sí àyè ìyá.

Èdè wa gan-an ń jẹ́rìí sí i. Ìlú kì í ṣe ìletò, ìletò kì í ṣe abúlé, abúlé kì í ṣe abà, abà kì í sì í ṣe ahéré. Ẹni tí kò mọ ìwà hù láwùjọ, "ará oko" là ń pè é, èébú sì ni. Àwọn tí gbogbo wọn ń gbé inú igbó kò ní máa fi oko bú ara wọn. Odi ni ògiri tó yí ìlú ká, yàrà ni kòtò tí wọ́n gbẹ́ tì í, bodè ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, oníbodè ló ń ṣọ́ ọ, tó sì ń gba owó bodè lọ́wọ́ oníṣòwò tó bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ bodè yìí wọ àwọn baba wa lára débi pé nígbà tí wọ́n ń ronú nípa ọ̀run, wọ́n fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nínú ẹsẹ Ifá, ẹni tó ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé ń gba ọ̀dọ̀ Oníbodè kọjá. Bí wọ́n sì ṣe ṣàpèjúwe ayé nìyí: ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí kò rí ju ahéré lọ láyé rẹ̀ kò lè fi ọjà àti bodè ṣàlàyé ibi tí ẹ̀mí ti ń wá àti ibi tó ń lọ.

Àgbẹ̀ nìkan kọ́ ló sì wà nínú àwọn ìlú náà. Ahunṣọ wà, aláró wà, alágbẹ̀dẹ, agbẹ́gilére, oníṣọ̀nà awọ, onílù, babaláwo, alárenà, kálukú pẹ̀lú agboolé àti olórí rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ní Pàràkòyí tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Àwọn obìnrin ló di ọjà mú, Ìyálóde sì ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìlú. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, lówó débi pé ó ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun ní àwìn. Ohun kékeré kan wà tó jẹ́ àmì ìlú lójú tèmi ju odi lọ, ìyẹn ẹ̀kọ àárọ̀. Níbi tí ẹni tí kò dáná bá ti lè jí, kó mú owó ẹyọ dání, kó ra ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá a tan rárá, kó sì bá tirẹ̀ lọ, ìlú nibẹ̀. Ní abà, ẹbí ẹni ló ń bọ́ni.

Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, wọ́n ń pa á lówe títí dòní. Òótọ́ tó wà nínú òwe yẹn ni pé ìlú náà, àjèjì ló kọ́ ọ. Kò sí adé níbẹ̀ nígbà náà. Oyè Baálẹ̀ àti oyè Balógun dà bí àkàsọ̀, ẹni tó bá lágbára ni í gùn ún, ibi yòówù kó ti wá.

Mi ò sọ pé ibẹ̀ dùn gbé fún gbogbo èèyàn. Ogun ló kó ọ̀pọ̀ ọrọ̀ Ìbàdàn jọ, ẹrú sì kún ilé àwọn ọlọ́rọ̀ rẹ̀, títí kan ilé Ẹfúnṣetán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná máa ń ti orí òrùlé koríko kan fò sí òmíràn títí àdúgbò á fi jó tán. Ṣùgbọ́n ìṣòro ìlú nìyẹn. Onígbáméjì pa àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ rẹpẹtẹ ní 1849 àti 1854, kò sì sẹ́ni tó torí ẹ̀ pe Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní abúlé.

Àwọn mìíràn á ní ogun ló kó wa jọ, pé ìbẹ̀rù ogun ọdún 1800 sí ọwọ́ ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ogun tó tú Òwu àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ló bí Ìbàdàn, òun náà ló sì mú kí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá lọ tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Abẹ́òkúta ṣe tò: Aké lọ́tọ̀, Gbágùrá lọ́tọ̀, Òkè-Ọnà lọ́tọ̀, Òwu lọ́tọ̀, kálukú pẹ̀lú olóyè tirẹ̀, gbogbo wọn sì wà nínú odi kan. Ẹni tí kò mọ ètò ìlú tẹ́lẹ̀ kò lè gbé irú èyí kalẹ̀ lójú ogun.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, wọ Ọ̀yọ́ Ilé. Ìlú náà ti ń rọ̀ nígbà yẹn, Ìlọrin ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì ní pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi di ahoro. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi yí i ká, pé ó ní bodè mẹ́wàá, pé ọjà méje ló wà níbẹ̀ tó ń ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọjà méje, nínú ìlú kan ṣoṣo, lójoojúmọ́.

Ṣáájú rẹ̀ pẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ọmọ Pọtogí, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ìjẹ̀bú ló ń sọ. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀: Erédò Sùngbọ́, ìyẹn yàrà àti odi tó lọ yí ká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gùn tó 160 kìlómítà, níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ọwọ́, ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Lọ sí ìhà ìlà oòrùn, wàá bá Ẹdó, ìyẹn Benin City ti Nàìjíríà. Ará Netherlands kan tó rí Ẹdó kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1602 pé òpópónà ńlá tó wà níbẹ̀ fẹ̀ ju òpópónà Warmoes ní Amsterdam lọ ní ìlọ́po méje tàbí mẹ́jọ. Ìlú Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ṣì ní bodè Àkàbà Ìdènà rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dàhọ̀mì fọ́ ìlú náà ní 1886.

Ifẹ̀ ló wá lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn. Ní Ifẹ̀, wọ́n máa ń to àpáàdì ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà kó má di ẹrẹ̀. Àwọn àgbà Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà sọrí Lúwò, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni. Nínú Igbó Olókun, ó ju 600 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n sì rí i pé èròjà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Yúróòpù. Inú ilé wa ni wọ́n ti ṣe é. Ìlú tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń wá igi, ẹni tó ń mọ ìkòkò, ẹni tó ń yọ́ ọ, ẹni tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó ń gbé e lọ tà, àti oúnjẹ fún gbogbo wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: àwọn tó kọ́kọ́ dé rí ìlú, wọ́n sì pè é ní ìlú. Òwò ló gbé wọn wá, oníṣòwò kò sì ní fi ọjà ńlá pe igbó. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, tí wọ́n fẹ́ jọba lé wa lórí, ni kò lè gbà á mọ́. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní 1910, ó ní àwọn ará Atlantis, erékùṣù inú ìtàn tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló ṣe é, àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ tó ṣáko lọ. Ó ń wo ojú àwọn ọmọ Ifẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wo ojú tó wà lára ère, kò so wọ́n pọ̀. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, àwọn orí bàbà àti idẹ tún jáde láti inú ilẹ̀, nítòsí ààfin.

Ní gúúsù Áfíríkà, ohun kan náà ni wọ́n fojú àwọn Shona, ìyẹn ẹ̀yà kan ní Zimbabwe, rí. Láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1450, àwọn baba ńlá wọn fi òkúta tí wọn ò fi ohunkóhun lẹ̀ pọ̀ mọ odi tó ga tó mítà mọ́kànlá ní Great Zimbabwe. Karl Mauch, ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1871, ó ní ọbabìnrin Ṣéébà ló kọ́ ọ. Randall-MacIver ní 1905, Gertrude Caton-Thompson ní 1929, àwọn méjèèjì walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ènìyàn dúdú ló ṣiṣẹ́ náà. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ní Rhodesia, tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí, kò fẹ́ gbọ́. Peter Garlake tó ń bójú tó àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀ ní láti fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní 1970 nítorí pé kò gbà láti yí òótọ́ padà.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀ sí ara wa. Àwọn kan ní Bílíkísù Sùngbọ́ tó ni Erédò, tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Èrí, ni ọbabìnrin Ṣéébà inú Bíbélì. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá náà, mi ò sì ní bá àwọn tó ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ìgbà Sólómọ́nì ti tó 3,000 ọdún sẹ́yìn, Erédò kò sún mọ́ iye ọdún bẹ́ẹ̀ rárá. Kí ló dé tí obìnrin Ìjẹ̀bú tó lówó, tó sì láṣẹ, kò lè dá ni irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀?

Bí mo bá ní kí n yí gbogbo Áfíríkà ká, ilẹ̀ á ṣú. Ní Málì, àwọn èèyàn ti ń gbé Jenne-jeno láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tó fi máa di ọdún 800 lẹ́yìn ìbí rẹ̀, odi tó tó kìlómítà méjì ti yí i ká, àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ láti 1977 kò sì rí ààfin kankan. Ìlú tí kò ní ọba tó ń pàṣẹ lé e lórí, tó sì dúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún! Ní etí òkun Tanzania, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, dé ìlú Kilwa ní 1331, ó sì kà á mọ́ àwọn ìlú tó lẹ́wà jù lọ. Àwọn Pọtogí kó o lógun ní 1505.

Lóòótọ́, àwọn ìlú kan wà tí òyìnbó dá sílẹ̀. Wúrà ló bí Johannesburg ní 1886, rélùwéè ló bí Nairobi ní 1899, èédú ló bí Enugu, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì tẹ Kaduna dó. Kò yẹ ká purọ́ nípa èyí. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló dáná sun Ẹdó ní 1897, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ahoro ló bá. Amọ̀ àti koríko tí a fi ń kọ́lé náà dá kún un. Òkúta Róòmù ṣì wà lóròó. Ilé amọ̀ tí wọ́n pa tì, òjò ọdún mẹ́wàá ti tó láti dá a padà sínú ilẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé ti di igbó ẹranko, odi rẹ̀ sì ti di òkìtì tí koríko bò.

Mo ro gbogbo èyí fún ọmọ àbúrò mi. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé ó rò pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba ló ń gbé mi sọ̀rọ̀. Mo wá bi í pé ibo ló ń gbà kọjá lọ sí ilé ìwé. Ó ní ọ̀nà Mọ̀lété, ẹ̀gbẹ́ ọjà Bodè, níbi tí wọ́n ti ń ta ewé àti egbò. Mo ní kí ni wọ́n ń pè ní bodè?

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Dádì, mo rò pé orúkọ ẹnì kan ni. Àbí ẹni tó ni ọjà náà kọ́ ni?"

Mo ní kó bi ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta egbò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé tó fi wá bá mi. Ó ní ìyá náà sọ fún òun pé ẹnu odi ìlú ni bodè, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá rẹrù wọ ìlú. Ó wá ń béèrè pé ibo ni odi náà gbà lọ, bóyá ó kọjá lẹ́yìn ilé wa. A máa lọ wá a ní ọjọ́ Sátidé.